Ère Tí Mi Ò Lè Gbẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje

Dókítà tí mo ń lọ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ní kí n máa kọ ọ́. Ó ní ohun tí ẹnu mi bá ń gbé mì, kí ọwọ́ mi máa bá mi bì í jáde. Mo ra ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé ọmọ iléèwé lásán, òun náà ti gbówó lórí. Mo ti jókòó tì í títí tíì mi fi tutù.

Ó dáa, ká sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni mo ń ṣe, ọdún kẹrìnlá rèé. Obìnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ni ọkàn mi sì máa ń fà sí. Kì í ṣe ti àánú. Bí ọkùnrin ṣe ń fẹ́ obìnrin náà ni. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa tí mo fọwọ́ kàn rí kọjá ibi tí iṣẹ́ ní kí n fọwọ́ kàn, ilẹ̀kùn sì máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n nǹkan náà wà níbẹ̀.

Mo ti kọ ọ́. Òrùlé ò já lé mi lórí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Àǹtí tó máa ń gba àwọn obìnrin níbi iṣẹ́ wa ti lọ bímọ, ó di oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá pè mí, wọ́n ń nu gíláàsì ojú wọn.

"Ìwọ ni wàá máa gbà wọ́n."

Mo ní ṣé Ọ̀gá fúnra wọn ò lè gbà wọ́n ni.

"Ojú tí mo fi ń wá bàtà mi láàárọ̀, òun ni kí n fi gbẹ́ ẹsẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ọdún mẹ́rìnlá yìí, ọkùnrin nìkan ni mo ti ń gbà: awakọ̀, ṣọ́jà, àwọn tí àtọ̀gbẹ jẹ lẹ́sẹ̀. Mo rò pé orí mi ló ń bá mi ṣe é. Ìgbà tí ikùn Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ni mo sáré lọ wá Dókítà.

Ẹni àkọ́kọ́ dé lónìí. Akunlé ni, ilé ló ń kùn. Ọkọ̀ gbá a lójú títì lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì lábẹ́ orúnkún. Kùkùté rẹ̀ dára: ó gùn tó, àpá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí róbótó. Mo kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Iléèwé kan fẹ́ kó kun gbogbo yàrá àwọn nígbà ìsinmi. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ni kó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lè gun àkàbà nígbà yẹn, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ọkùnrin kan tó ti ń yí ọ̀gá iléèwé náà ká. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó rí látìgbà tí ọkọ̀ ti gbá a nìyẹn.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe ẹsẹ̀ arẹwà fún mi," ó ní. "Èyí tó lè gun àkàbà ni kẹ́ ẹ ṣe. Ní ti àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì." Ló bá na kùkùté tirẹ̀ sókè, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Dókítà ní kí n ṣàpèjúwe ojú rẹ̀. Mi ò rántí rẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo lò lọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Mo lè sọ iye tó wà láàárín orúnkún rẹ̀ àti àpá láì wo ìwé, ṣùgbọ́n bó bá pàdé mi lọ́jà lórí ẹsẹ̀ méjì, màá kọjá lára rẹ̀ bí àjèjì ni. Ojú tì mí ju ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ó fún mi níṣẹ́ ilé bí ọmọ kékeré: ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá rí Akunlé, kí n kọ ohun kan sílẹ̀ nípa rẹ̀ tí kò sí lábẹ́ orúnkún. Ẹyọ kan péré.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. Mo gba ìrísí ẹsẹ̀ Akunlé. Mo fi báńdéèjì píópí tútù wé kùkùté rẹ̀, ó gbẹ, mo bọ́ ọ bí ìkarahun, mo da píópí sínú rẹ̀. Ohun tó bá jáde là ń pè ní ère. Orí ère la ti máa ń fi ike gbígbóná mọ ife tí ẹsẹ̀ á wọ̀ sí.

Ère méjì ni mo dà. Mo sọ fún ara mi pé bí ọ̀kan bá fọ́, ọ̀kan á kù. Ọdún mẹ́rìnlá, mi ò da méjì rí. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìkejì, mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Ohun tí kò sí lábẹ́ orúnkún: ó ní èjí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Òní ni mo gbẹ́ ère. Tàbí kí n sọ pé òní ló yẹ kí n gbẹ́ ẹ.

Ère tó bá jọ ẹsẹ̀ gan-an kò wúlò. Èèyàn ní láti fi ayùn fá abẹ́ orúnkún wọlé, kó fá ẹ̀yìn, kí ìwúwo ara lè rí ibi gbé jókòó. Bí wọn ò bá gbẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ á máa rì sísàlẹ̀ ife, orí kùkùté lonítọ̀hún á máa fi rìn, á sì bó. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní nìyí.

Mo gbé ayùn lé abẹ́ orúnkún. Mo gbé e kúrò. Mo tún gbé e lé e. Ère náà dára lójú mi, kí n má parọ́ nínú ìwé tí èmi nìkan ń kà. Ìyẹ̀fun tó bọ́ sílẹ̀ kò ju ohun tí èèyàn lè fẹnu fẹ́ nù lọ. Mo ní ó tó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́! Ó rìn láàárín irin méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ irin, ó rin ogún ìṣísẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń kọrin bó ṣe ń lọ. Ohùn rẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀, orin gba ọ̀nà tirẹ̀.

"Ẹ gbójú kúrò lára orin, Bọ̀dá Ẹlẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò."

Bó bá mọ̀.

Ohun tí kò sí lábẹ́ orúnkún: mo ti kọ ọ́ sókè yẹn. Kò lè kọrin.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Ó padà wá lórí ọ̀pá ìtìlẹyìn, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà nínú àpò ọ̀rá. Orí kùkùté ti pọ́n, ó ti lé ròrò. Mo ní kó sinmi díẹ̀, màá tún un ṣe. Mo fi fóòmù sí ìsàlẹ̀ ife. Mo mọ̀ pé fóòmù kọ́ ni.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè. Ó tún ti bá mi rí ìyàwó, olùkọ́, ọmọlúwàbí. "Ó pé pérépéré, àbúrò mi, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò."

Mo ní mo gbọ́. Ìyàwó tí mo fẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, òun náà pé pérépéré. Ó ní bí òun bá sùn ti mí, bí ẹni tó sùn ti àlejò ni. Òótọ́ ló sọ, kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí ó fi lọ. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Akunlé wá kí n bá a wo ẹsẹ̀, òjò sì dá a dúró. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́. Ó ní bàbá kan pe òun ní aláàbọ̀ ara nínú bọ́ọ̀sì, òun bá bi í pé bóun bá jẹ́ àbọ̀, ta ló wá ní àbọ̀ yòókù lọ́wọ́? Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ọkùnrin kan ń dúró de òun ní ibùdókọ̀ lóṣù tó kọjá. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà bẹ òun pé kóun jẹ́ kó ya ẹsẹ̀ yẹn ní fọ́tò, ó ní á sanwó.

"Mo ti ro gbogbo ohun tí ojú mi lè rí lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀. Mo ro àánú, mo ro ẹ̀gàn. Mi ò ro pé ẹnì kan á wà tí á máa yọ̀ sí i."

Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní òun fi ọ̀pá ìtìlẹyìn hàn án, ó sì lóye.

Mo dìde lọ pa fáànù tí kò sí ẹni tó tàn án.

Ohun tí kò sí lábẹ́ orúnkún: bó bá ń bínú, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ dípò kó ròkè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Dókítà nípa ọkùnrin ibùdókọ̀. Mo ní èmi nìyẹn. Ó ní ṣé mo ti dúró de ẹnì kan ní ibùdókọ̀ rí? Rárá. Ṣé mo ti ya fọ́tò ẹnì kan rí? Rárá. Lọ́dún kan mo rí ibì kan lórí ẹ̀rọ ayélujára tí irú àwa ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mi ò dá wà. Nígbà tó yá mo rí i pé fọ́tò àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbé síbẹ̀, àwọn obìnrin náà ò mọ̀ pé wọ́n yà wọ́n. Mo tì í, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ohun tó ń pa ẹlòmíì lẹ́kún ni èmi fi ń yọ̀ ni? Ó ní, "Bí wọ́n bá lè dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà lọ́la, ṣé ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n dá a padà?" Mo ní màá fẹ́. Mo ní àmọ́ á dùn mí díẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní sọ ìdajì kejì yẹn.

Mo ní níbo ló ti wá? Gbogbo èèyàn fẹ́ kí n ní ìtàn kan, pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lórí ọ̀pá méjì, àyà mi là gààrà. Ó tán. Ẹni tó fẹ́ràn obìnrin gíga, ta ló ń bi í pé níbo ló ti kó o? Dókítà ní òun náà ò mọ ibi tó ti ń wá, àwọn tó kàwé ju òun lọ náà ń méfò ni. Ó ní ohun tó ń wù mí kọ́ ló ń bá mi jà. Ibi tí mo bá jẹ́ kó gbé jókòó ni ká wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo tún gba ìrísí ẹsẹ̀ náà lọ́tun. Ère tuntun. Mo gbẹ́ ẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí ni mo ṣe sọ ọ́ fún ara mi.

Píópí ti wọ́n sí i. Ọ̀gá ní ká má fi ṣòfò.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ

Ẹsẹ̀ kejì wọ̀ ọ́. Kò kọrin lónìí. Ó rìn, ó sì fi eyín di ètè mú.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Egbò ti ṣí. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọ́dọ̀ wọ nǹkan kan sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù tí iṣẹ́ iléèwé á bẹ̀rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo ilẹ̀, ó ní, "Ara mi ni kò gbà á, Bọ̀dá Ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ ti ṣe tiyín. Wọ́n ti sọ fún mi pé ara ẹlòmíì máa ń kọ̀ ọ́."

Mo bá a gbé àpò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bí ojú bá ń ti èèyàn, ó máa ń wù ú kó gbé ẹrù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá wá síbi iṣẹ́ lónìí, wọn kì í wá ní Àbámẹ́ta. Wọ́n ti gba gíláàsì tuntun. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbé ife méjèèjì tí mo ṣe fún Akunlé sórí tábìlì, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá ibi tó yẹ kó wọlé lábẹ́ orúnkún. Ère inú táwẹ́ẹ̀lì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayùn ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ kì í ṣe àṣìṣe yìí."

Wọ́n na ọwọ́ sí ère inú táwẹ́ẹ̀lì.

"Ọmọ mi, gbígbẹ́ là ń gbẹ́ ère níbí. Èyí tí a kò bá gbẹ́, bíbọ là ń bọ ọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun píópí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, "Ọdún mẹ́rìnlá tí mo fi ń kó ẹsẹ̀ ọkùnrin fún ẹ, o rò pé ó kàn ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?"

Wọ́n ti mọ̀. Bí mo ṣe máa ń yí ojú sí ògiri bí obìnrin bá wọlé ni wọ́n fi mọ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹni tó mọ ibi tí kò yẹ kóun wò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. "Ojú mi ló jẹ́ kí n fún ẹ ní ẹsẹ̀ obìnrin yìí. Èmi náà jẹ̀bi díẹ̀."

Mo ní màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kí obìnrin yẹn wá fi kí ni gun àkàbà?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo ní mo fẹ́ sọ fún Akunlé. Dókítà ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó fúyẹ́ fún, àbí òun ló yẹ kó mọ̀?" Ìbéèrè burúkú. Mo ronú títí. Mo ní ó rò pé ara òun ló kọ ẹsẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, màá tún ti ba ohun kejì jẹ́ lára rẹ̀.

Dókítà ní nígbà náà kí n sọ ọ́ níwọ̀n tó yẹ kó mọ̀, kí n má sì bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí kí n tó jẹ́ kó bínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá wà ní yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti lè gbọ́.

Mo ní ara rẹ̀ kọ́ ló kọ ẹsẹ̀, èmi ni mi ò gbẹ́ ère. Ó ní kí ló dé. Mo ní nítorí bó ṣe rí wù mí, mi ò lè fi ayùn kàn án. Kò tètè yé e. Mo tún un sọ: obìnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ni ọkàn mi máa ń fà sí, ó ti pẹ́, mi ò jẹ́ kó dé ẹnu iṣẹ́ mi rí, lọ́tẹ̀ yìí ó dé ibẹ̀. Mo sọ ti ère inú táwẹ́ẹ̀lì náà.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọkùnrin ibùdókọ̀."

Mo ní irú kan náà ni.

"Rárá o. Òun sàn jù ẹ́ lọ. Òun béèrè."

Látọjọ́ tó ti ń wá, "ẹ̀yin" ni mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gé e lójijì.

"Ìwọ ni mo gbé ẹsẹ̀ mi fún. Mo ń lọ sílé, mo ń bá ara mi jà. Mo ń bá a wí lójú dígí, pé ìwọ ara yìí, kí lo fẹ́ gan-an? Nígbà tó ti pọ́n, tó ti lé, ìwọ lo tún fún mi ní fóòmù!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Mo gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá méjì, títí dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá bu omi fún mi.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo ṣe ẹsẹ̀ awakọ̀ kan. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọjọ́ tó yẹ kí iṣẹ́ iléèwé bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò: òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dà àwọ̀ ọsàn kún eékánná rẹ̀.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń kun ìdajì ìsàlẹ̀ ògiri gbogbo, ó ń fi ìdí wọ́ kiri. Ó sọ fún ọ̀gá iléèwé pé bí wọ́n ṣe ń kun ilé lóde òní nìyẹn, ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ọ̀gá iléèwé náà gbà á gbọ́, tàbí ó ṣe bí ẹni gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá fi di ìparí oṣù tí kò tíì fọwọ́ kan òkè, ó tán.

"Ojú Ọ̀gá ò gbé e," ó ní, "ilé iṣẹ́ kejì jìn, oṣù méjì ni wọ́n fi ń dúró níbẹ̀. Mi ò dárí jì ẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́."

Ọ̀gá ní ojú àwọn ti gbé e báyìí o, gíláàsì rèé. Àwọn á jókòó tì wá.

"Ère yẹn dà? Èyí tó o kò lè fá?"

Mo gbé èyí tí mo dà kẹ́yìn kalẹ̀, kì í ṣe ti inú táwẹ́ẹ̀lì. Ó wò ó yí po. Ó ní, "Àṣé bó ṣe rí nìyí." Ló bá yọ sáńpépà méjì nínú àpò, ó ní kí n fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó yẹ kó wọlé. "Òun ni mo fi ń jẹun látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún. Kò sí ògiri tí mi ò lè tẹ́."

Mo sàmì. Ó fá a. Mo fún un ní ayùn fún abẹ́ orúnkún, ó gbà á, ó fá a láì wo ojú mi. Píópí ń bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun nínú asẹ́.

"Ó tó?"

"Kò tíì tó."

Ó tún fá a. "Ó ń dùn ẹ́?"

Mo ní, "Ó ń dùn mí díẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́. Mo tún fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Ó tó.

Ohun tí kò sí lábẹ́ orúnkún: ọwọ́ rẹ̀. Mi ò rí ọwọ́ tó dúró ṣinṣin báyẹn rí. Ó yẹ kí ó máa ṣe iṣẹ́ tiwa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Egbò ti jiná. Ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́. Kò rì. Ọ̀gá kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò yí ká, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ rèé." Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó dúró lórí rẹ̀ nìkan, ó ka ení dé ẹẹ́wàá.

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó wá fún àyẹ̀wò. Kò pọ́n, kò lé. Ó ti gun àkàbà dé orí igi kẹta. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ti sùn dáadáa.

Mo gbé ère inú táwẹ́ẹ̀lì jáde, mo ní tirẹ̀ ni, mo ní màá fọ́ ọ lójú rẹ̀ bó bá fẹ́. Òòlù ti wà lọ́wọ́ mi. Ó gbà á, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́.

"Ó wúwo. Má fọ́ nǹkan mi."

Ó jù ú sínú àpò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé e lọ. Táwẹ́ẹ̀lì ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Ó wá ṣe mí bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ ò tíì gbàgbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Dókítà tún ní kí n ṣàpèjúwe ojú rẹ̀. Mo sọ ọ́ títí àkókò wa fi tán. Ẹni tó kàn ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ níta.

Mo bi í bóyá nǹkan náà á lọ. Ó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi náà ò rò bẹ́ẹ̀. Kò bà mí lẹ́rù bíi tàtẹ̀yìnwá. Bí obìnrin bá wà lórí àga, Ọ̀gá wà nínú yàrá títí Àǹtí á fi dé. Bí obìnrin kan bá sì wù mí níta lọ́jọ́ kan, tí kì í ṣe ẹni tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi, màá sọ ọ́ fún un ṣáájú, màá béèrè.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó má bá mi wá ìyàwó mọ́. Ó ní ṣé kò sí? Mo ní kò sí. Mo ní màá sọ fún un lọ́jọ́ kan bí a bá jọ jókòó. Ó ní òun á máa retí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gá rán mi lọ sí iléèwé náà láti mú ìdè ọrùn ẹsẹ̀ Akunlé le. Wọ́n ní àkàbà ti ń tú u. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé màá wo ohun tó yẹ kí n wò.

Yàrá mẹ́rìnlá, ó ku ẹyọ kan. Àwọ̀ ọsàn nísàlẹ̀, funfun lókè, ìlà tó pín wọn tọ́ bíi pé okùn ni wọ́n nà. Ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ iléèwé á wọlé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidi, ó sì ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà kán sórí símẹ́ńtì. Igun kan, bíríkì ló fi tẹ̀ ẹ́. Igun kejì, garawa. Igun kẹta, ère mi.

Ère rẹ̀, mo fẹ́ wí. Ọ̀dà ti ta sí i níbi gbogbo, ó ti rí tótòtó, ẹnì kan ti fi í nu búrọ́ọ̀ṣì. Mo dúró tì í, ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu, mi ò lè pa á mọ́ra.

Lórí àkàbà ni ó wà, orí igi keje, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń kọrin. Mo dá orin náà mọ̀ nígbà tó ti ń lọ sípárí. Mi ò pè é, kó má baà ṣubú. Mo dúró títí ó fi kun igun yẹn tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, kò di nǹkan kan mú. Mo mú ìdè náà le, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ọ̀dà wà ní imú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ère, ó tún wò mí.

"Bọ̀dá Ẹlẹ́sẹ̀," ó ní, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní mi ò tíì jẹun.